Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìgbaradì Eré Máratọ́ọ̀nù: Orúkọ Tí Ń Tọ́ Asáré Sọ́nà

1. Ìfáárà

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Láti ìgbà náà, kò ṣòro mọ́ láti fi èdè Yorùbá kọ́ni ní gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ibi tí iṣẹ́ ṣì kù sí ni àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ tí ọ̀rọ̀-ìperí wọn kì í dúró sínú kíláàsì, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní láti fi ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó gbọ́. Ìmọ̀ràn lórí ìgbaradì fún eré máratọ́ọ̀nù jẹ́ ọ̀kan nínú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n sá eré máratọ́ọ̀nù Ìlú Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń fà mọ́ra kì í ṣe eléré-ìje nìkan. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbẹ́yìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìmọ̀ràn náà ní Yorùbá, ìbáà jẹ́ lórí rédíò, ìbáà jẹ́ ní pápá ìṣeré ilé-ìwé, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò tó òun lò, tàbí pé èyí tí ó wà nílẹ̀ kò ṣe gúnmọ́.

Ohun tí ó ya ẹ̀ka yìí sọ́tọ̀ ni pé àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ kì í parí sínú ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà bá ṣi "ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ" lò, máàkì ni yóò pàdánù. Bí asáré bá ṣi "rọra sáré" tàbí "mu omi dáadáa" gbọ́, ara rẹ̀ ni yóò fi jìyà rẹ̀. Nítorí ìdí èyí, àbá tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò tó kí ọ̀rọ̀-ìperí ìgbaradì bá ti èdè Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Ó yẹ kí orúkọ náà fi àmì kan tí asáré lè mọ̀ lára ara rẹ̀ hàn, tàbí kí ó fi okùnfà kan tí ó wà ní ìkáwọ́ asáré hàn. Ìlànà méjèèjì yìí ni a óò máa pè ní ìlànà àmì àti ìlànà okùnfà nísàlẹ̀ yìí.

2. Orúkọ Eré àti Orúkọ Ẹni Tí Ń Sá A

Ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì ni ó ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi sọ eré yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìránṣẹ́ kan sáré láti ojú ogun tí wọ́n jà níbẹ̀ ní 490 ṣáájú ìbí Krístì lọ sí Átẹ́ẹ̀nì, láti lọ ròyìn ìṣẹ́gun. Orí ìtàn yìí ni wọ́n gbé eré náà kà nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì òde òní bẹ̀rẹ̀ ní Átẹ́ẹ̀nì ní 1896. Spyridon Louis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ni ó gbégbá orókè, ọ̀nà tí wọ́n sì sá kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ sá kìlómítà 42.195 ní Òlíńpíìkì. Ní 1921 ni ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣàkóso eré orí pápá sọ iye yìí di òfin.

Ìtàn yìí wúlò fún onítumọ̀. Àwọn kan a máa pe eré náà ní "eré ọ̀nà jíjìn". Àpèjúwe ni èyí, kì í ṣe orúkọ, nítorí pé eré oní-mítà 10,000 náà jẹ́ eré ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ó ti jẹ́ pé iye kan pàtó ni orúkọ náà dúró fún, ọ̀rọ̀ àyálò ni ó tọ́ sí i. Nínú àyálò náà, kọ́ńsónáǹtì tí kò sí nínú èdè Yorùbá di "t", fáwẹ̀lì "u" sì wọlé lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì ìparí, nítorí pé sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Bí "fóònù" ṣe wọ èdè náà ni "máratọ́ọ̀nù" ṣe wọ̀ ọ́.

Ní ti ẹni tí ń sá eré náà, ó yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni méjì. Eléré-ìje ni ẹni tí ń bá ẹlòmíràn díje. Asáré-ìdárayá ni ẹni tí ń sá a fún ìlera, fún ìgbádùn, tàbí láti mọ ibi tí agbára òun lè dé. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ipò nìkan. Àwọn ọkùnrin tí ó yára jù lọ láyé ń parí eré náà ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Wákàtí mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ọ̀pọ̀ asáré-ìdárayá ń lò lójú ọ̀nà. Bí ó ti hàn ní ìpín 6, àkókò gígùn yìí a máa fa ewu kan tí kì í sábà bá eléré-ìje.

3. Oríṣiríṣi Eré Ìgbaradì

Ọ̀rọ̀-ìṣe "sáré" jẹ́ àkànpọ̀ "sá" àti "eré". Ó gba gbogbo oríṣi eré mọ́ra, èyí tí ó yá àti èyí tí kò yá. Ìwúlò ńlá ni èyí jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro ni ó jẹ́ nínú ìmọ̀ràn ìgbaradì. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé eré kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: èyí tí ó ń mú wọn mí hẹlẹ. Wọn a sá a lójoojúmọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara a kọ̀, ọkàn a sì rẹ̀wẹ̀sì.

Arthur Lydiard, olùkọ́ni ọmọ New Zealand, ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn kedere pé eré tí kò ni ara lára ni ìpìlẹ̀ gbogbo eré. Àwọn tí ó kọ́ ní ìlú Auckland máa ń sáré jìnnà púpọ̀ lọ́sẹ̀, títí kan Peter Snell tí ń sá eré mítà 800. Ní Òlíńpíìkì Róòmù ní 1960, Snell gba wúrà ní mítà 800, Murray Halberg gba wúrà ní mítà 5,000, Barry Magee sì gba idẹ nínú máratọ́ọ̀nù tí Abebe Bikila ọmọ Etiópíà fi ẹsẹ̀ lásán borí. Lẹ́yìn èyí, Lydiard mú àwọn àgbàlagbà tí kì í ṣe eléré-ìje rárá wọnú eré sísá ní Auckland. Ibẹ̀ ni Bill Bowerman, olùkọ́ni láti Oregon ní Amẹ́ríkà, ti rí i ní 1962, tí ó sì gbé e lọ sílé. Láàrin irú àwọn asáré bẹ́ẹ̀ ni òfin kan ti gbilẹ̀: kí asáré má ṣe yára ju èyí tí yóò jẹ́ kí ó lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí Yorùbá pe irú eré yìí? "Rọra sáré" kò tó. Ohun tí ọ̀dọ́ tí ó lágbára kà sí "rọra" lè jẹ́ àpajúdé fún ẹni ọdún 50. "Eré gbẹ̀rẹ̀" náà ní àbùkù tirẹ̀, nítorí pé ó ń fi ìyára wé ti ẹlòmíràn, ó sì lè dójú ti asáré. Ohun tí ó yẹ kí orúkọ náà gbé jáde ni òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n náà sì ni ọ̀rọ̀ sísọ.

Èdè Yorùbá ní ìhun kan tí ó bá iṣẹ́ yìí mu. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-" máa ń sọ àpólà-ìṣe oní-asínpọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-orúkọ náà a sì di ẹ̀yán fún orúkọ mìíràn. Àpẹẹrẹ wọn kò ṣàjèjì:

(1) a. ọtí àmupara
    b. oorun àsùnwọra
    d. eré àsápajúdé

Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀-ìṣe kìíní sọ ohun tí ènìyàn ṣe. Ìyókù sọ ibi tí ó bá a dé. Ọtí àmupara ni ọtí tí ènìyàn mu títí tí ó fi pa á. Eré àsápajúdé ni eré tí ènìyàn sá bí ẹni tí ó di ojú. Ìwọ̀n wà nínú orúkọ náà fúnra rẹ̀. Bí ìhun yìí bá lè sọ àṣejù, kò sí ìdí tí kò fi lè sọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Láti inú rẹ̀ ni a ti lè ṣẹ̀dá àwọn wọ̀nyí:

(2) a. eré àsásọ̀rọ̀
    b. eré àságbọ́rọ̀mì
    d. eré àsásinmi
    e. eré àsájìnnà

Eré àsásọ̀rọ̀ ni èyí tí asáré ń sá tí ó sì lè sọ odindi gbólóhùn láì dá èémí gbà. Ẹni tí ó dá sáré lè fi oríkì orílẹ̀ rẹ̀ dán an wò: bí ó bá lè kì í bí ẹni tí ó jókòó, eré náà tọ̀nà, bí èémí bá ń gé e, kí ó dín ìyára kù. Eré yìí ni ó yẹ kí ó gba nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àkókò ìgbaradì.

Eré àságbọ́rọ̀mì ni èyí tí ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré lè jáde kí asáré tó gbé ìyókù mì. Ó le, ṣùgbọ́n asáré lè fara dà á fún ogún sí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó fún asáré-ìdárayá. Eré àsásinmi ni èyí tí ènìyàn ń sá kíkankíkan fún ìwọ̀n díẹ̀, bíi mítà 400 tàbí 800, tí ó sì sinmi kí ó tó tún un sá. Ìsinmi náà jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ ọ̀hún, kì í ṣe àmì ọ̀lẹ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó hàn nínú orúkọ.

Eré àsájìnnà ni eré gígùn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbaradì máa ń gba ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Nínú rẹ̀, eré yìí a máa gùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bíi kìlómítà 30. Olùkọ́ ní láti tẹnu mọ́ ọn pé gígùn ni orúkọ yìí ń sọ, kò sọ ìyára: ìyára àsásọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sá a.

Ó ku oríṣi kan tí Gösta Holmér ti Sweden dá sílẹ̀ láàrin 1930 sí 1939. Orúkọ tí ó sọ ọ́ ní èdè Sweden jẹ́ àkànpọ̀ "ìyára" àti "eré ṣíṣe": asáré yóò máa yára, yóò sì máa dẹ̀rọ̀ bí ó ṣe wù ú, láti orí igi kan dé orí òkè kan. Onítumọ̀ lè fẹ́ wá ọ̀nà tí yóò fi gbé "eré ṣíṣe" wọnú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yorùbá ń ṣe eré, ó sì ń sá eré. Ìró àti ohùn kan náà ni "eré" méjèèjì ní. Ohun tí ó kù láti sọ ni òmìnira asáré. Bí ayan ṣe ń dárà lórí ìlù ni asáré yìí ń dárà lórí ilẹ̀. Nítorí náà, "eré àsádárà" bá a mu.

4. Òṣùwọ̀n Ìnira

Ní 1970, Gunnar Borg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Sweden, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20. Kò lo irinṣẹ́ kankan. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ni yóò sọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó lójú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì yàn ní nọ́ńbà tirẹ̀. Fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ìlọ́po mẹ́wàá nọ́ńbà náà súnmọ́ iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ ni a fi ṣe òṣùwọ̀n yìí. Bí ìtumọ̀ bá yẹ̀, òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́.

Ìṣòro ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí lára "fúyẹ́" àti "le", tí wọ́n jẹ́ ìdàkejì ara wọn. Ó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ń fi kún agbára wọn. "Gan-an", "púpọ̀" àti "jọjọ" kò ní ipò tí gbogbo ènìyàn fi ẹnu kò lé lórí. Lójú ẹni kan, "le gan-an" ga ju "le púpọ̀" lọ. Lójú ẹlòmíràn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni láti mú ẹyọ kan, kí a sì ṣe àpètúnpè rẹ̀ níbi tí Borg fúnra rẹ̀ ti ṣe àpètúnpè:

(3) 7   fúyẹ́ púpọ̀púpọ̀
    9   fúyẹ́ púpọ̀
    11  fúyẹ́ níwọ̀nba
    13  le díẹ̀
    15  le
    17  le púpọ̀
    19  le púpọ̀púpọ̀

"Fúyẹ́ níwọ̀nba" ni ó wà ní 11, kì í ṣe "fúyẹ́ díẹ̀", nítorí pé "díẹ̀" ti ní iṣẹ́ ní 13, ó sì lè da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn ní etí. Eré àsásọ̀rọ̀ kò yẹ kí ó kọjá 13. Nǹkan bíi 15 ni eré àságbọ́rọ̀mì wà.

5. Àká, Kì í Ṣe Ògiri

Ní nǹkan bíi kìlómítà 30, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ asáré. Ẹsẹ̀ a wúwo bí òjé, orí a fò, ìyára a sì já wálẹ̀ lójijì. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé asáré náà kọlu ògiri. Bí onítumọ̀ bá gbé àwòrán yìí wọnú Yorùbá bí ó ṣe wà, ó ti kó ẹrù méjì tí kò wúlò wọlé. Èkíní ni pé ẹni tí ó gbọ́ ọ lè rò pé ẹnìkan fara gbá nǹkan lójú ọ̀nà. Èkejì, tí ó burú ju èkíní lọ, ni pé ògiri jẹ́ ohun tí ó ti wà níbẹ̀ kí asáré tó dé, tí kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Irọ́ ni èyí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé oúnjẹ afáralókun tí ara ti kó pamọ́ tán. Inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni ara ń kó o sí, gláíkójìn sì ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 500 lọ, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ sì tó kílókálórì 2,000. Ẹni tí ó wọn kílò 70 ń ná nǹkan bí 70 kílókálórì lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín 2,000 sí ọ̀nà 70, kò tó kìlómítà 30. Ọ̀rá ara pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, ó sì máa ń ti gláíkójìn lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yára mú agbára jáde. Nígbà tí ó bá ku òun nìkan, asáré kò lè sáré bí ti tẹ́lẹ̀.

Àwòrán tí ó bá èyí mu ní ilẹ̀ Yorùbá ni àká. Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá jẹ ọkà inú àká tán kí òjò tó rọ̀, ìyàn dé. "Ìṣófo-àká" ni ó yẹ kí a pe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní kìlómítà 30, nítorí pé orúkọ yìí tọ́ka sí okùnfà, okùnfà náà sì wà ní ìkáwọ́ asáré. Ẹni tí ó bá gbọ́ "àká" yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ bí a ṣe ń kún un, bí a ṣe ń ṣọ́ ọ ná, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di ńlá. Ìdáhùn wà fún ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíkún rẹ̀ ni kí asáré jẹ iyán, ìrẹsì, ẹ̀bà tàbí ẹ̀kọ dáadáa ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí eré tó kò. Ṣíṣọ́ ọ ná ni kí ó má ṣe fi eré àsápajúdé bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa fi gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ afáralókun kún un ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà.

Ní ti sísọ ọ́ di ńlá, Jonas Bergström àti Eric Hultman ní Sweden fi ara wọn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1966. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ìkejì sinmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ oúnjẹ afáralókun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ kó gláíkójìn jọ ju èyí tí ó sinmi lọ lọ́nà tí ó hàn kedere. Àká tí a ti ná ni ó ń gba ọkà sí i. Àǹfààní kan tí ó wà nínú eré àsájìnnà nìyẹn.

6. Omi: Ìbomilà-Ẹ̀jẹ̀

Ìpín yìí ni ó wúwo jù, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. "Omi kò lọ́tàá" ni Yorùbá ń wí, ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fún asáré ni kí ó mu omi púpọ̀ bí ó ti lè mu mọ. Ní eré máratọ́ọ̀nù Boston ní 2002, àwọn olùwádìí gba ẹ̀jẹ̀ asáré 488 ní òpin eré. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Nínú 100 asáré, 13 ni iyọ̀ sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n tí ó yẹ lọ. Àmì tí ó bá a rìn jù lọ ni pé àwọn asáré náà wúwo ní òpin eré ju bí wọ́n ti wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀: omi tí wọ́n mu ju èyí tí ara wọn lò lọ. Àwọn tí ó lo ju wákàtí mẹ́rin lọ ni ó sì wọ́pọ̀ sí. Ìdí kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí kò yára ní àkókò púpọ̀ láti dúró níbi gbogbo tí wọ́n ti ń pín omi.

Onítumọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé ìhun ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn yóò pe àìsàn yìí ní "àìtó iyọ̀ ẹ̀jẹ̀". Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó kùnà ìlànà okùnfà pátápátá. Ẹni tí ó bá gbọ́ "àìtó iyọ̀" yóò lá iyọ̀, yóò sì máa mu omi rẹ̀ lọ. Ohun tí ó fa àìsàn náà ni ó ṣì ń fi kún.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́mu. Bí ẹlẹ́mu bá bu omi là ẹmu, ẹmu tí ó wà nínú akèrègbè kò dín. Omi ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo Yorùbá mọ ẹmu àbùlà, wọ́n sì mọ ẹni tí ó jẹ̀bi rẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ asáré. A lè kọ́kọ́ rò pé "ẹ̀jẹ̀ àbùlà" ni yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè dún bí èébú sí ìran ẹni. "Ìbomilà-ẹ̀jẹ̀", tí a ṣẹ̀dá láti ara "bu omi là", bọ́ lọ́wọ́ àbùkù yìí. Ohun tí ènìyàn ṣe ni ó ń sọ, kò sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Ìwúlò orúkọ yìí kò parí sọ́dọ̀ asáré. Àwọn àmì ìbomilà-ẹ̀jẹ̀, bí orí fífọ́, èébì, àti kí ọ̀rọ̀ ènìyàn máa dàrú, jọ ti ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí olùrànlọ́wọ́ ẹ̀bá ọ̀nà kò bá mọ̀ ju "òùngbẹ" lọ, omi ni yóò tún gbé fún un, èyí sì lè pa á. Bí "ìbomilà" bá wà lẹ́nu rẹ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè iye omi tí asáré ti mu, yóò sì tètè ké sí oníṣègùn. Ní ti asáré fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn tí ó bá orúkọ náà rìn kúrú: bí òùngbẹ bá gbẹ ọ́, mu, bí kò bá gbẹ ọ́, má ṣe fi omi díje.

7. Ara Ríro, Ojúkan Dídùn, àti Ìforítì

Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún ìrora. Ara a máa ro ni, ojú kan a máa dun ni, nǹkan a sì máa ta ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ti tó fún iṣẹ́ ìperí. Ohun tí ó kù ni kí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. "Ara ríro" ni ìrora tí ó tàn káàkiri iṣan ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ó ń dé lọ́jọ́ kejì eré líle, tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan. "Ojúkan dídùn" ni èyí tí ìka ẹyọ kan lè tọ́ka sí, tí ó sábà máa ń wà ní ẹsẹ̀ kan, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí asáré ti ń sáré. Èkíní kò ní kí asáré má sá eré àsásọ̀rọ̀. Èkejì ń pàṣẹ pé kí ó dúró, nítorí pé egungun tí ó fẹ́ sán lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìwúrí ti pàdé ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ohun mẹ́ta ni ó ń gbé asáré-ìdárayá dé òpin. "Ìtara" ni ó ń mú un bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tutù. "Kóríyá" ni èyí tí àwọn èrò ẹ̀bá ọ̀nà ń ṣe fún un. Kò sí níbẹ̀ ní ìdájí tí ó ń dá sáré. "Ìforítì" ni ó ń bá a gbé láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹrìndínlógún. Ó yẹ kí olùkọ́ fi ìforítì kọ́ni, kí ó sì fi ààlà sí i. Ẹni tí ara ń ro, tí òjò ń pa, tí ó sì jáde fún ogójì ìṣẹ́jú eré àsásọ̀rọ̀, ìforítì ni ó ṣe. Ẹni tí ojú kan ń dùn ní eegun ojúgun rẹ̀, tí ó sì ń sá a lọ, àṣejù ni ó ń ṣe, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Ẹni tí ń ké "forí tì í!" láì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò ṣe asáré lóore.

8. Ìtàdímẹ́yìn

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí ó ṣáájú eré, asáré ní láti dín gígùn eré rẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdajì, kí ó má sì jẹ́ kí ìyára kú pátápátá. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni "ìdẹwọ́". Ṣùgbọ́n "má dẹwọ́" ni Yorùbá ń sọ fún ẹni tí ń sapá. Ọ̀rọ̀ náà ti gbé ìbáwí lọ́wọ́. Asáré tí ẹ̀rù ti ń bà pé òun kò tíì múra tó yóò kọ̀ ọ́, yóò lọ sá kìlómítà 30 ní ọjọ́ keje sí eré, ara rẹ̀ kò sì ní tíì sinmi tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Òwe ni ó yanjú ọ̀rọ̀ yìí: àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. "Ìtàdímẹ́yìn" sọ ohun tí asáré ń ṣe, ó sì sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ òwe náà tí yóò pe àgbò ní ọ̀lẹ.

9. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá nìwọ̀nyí, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ fún asáré:

(4) eré àsásọ̀rọ̀: bí o kò bá lè sọ̀rọ̀, dín ìyára kù
    eré àságbọ́rọ̀mì: ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́ta péré
    eré àsásinmi: ìsinmi wà nínú ẹ̀kọ́
    eré àsájìnnà: gígùn ni, kì í ṣe ìyára
    eré àsádárà: ṣe é bí ó ṣe wù ọ́
    ìṣófo-àká: kún un, ṣọ́ ọ ná
    ìbomilà-ẹ̀jẹ̀: omi ni ó pọ̀ jù
    ara ríro: máa lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó fúyẹ́
    ojúkan dídùn: dúró
    ìtàdímẹ́yìn: agbára ni o lọ mú wá

Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sí ọ̀kan tí a yá láti èdè mìíràn. Àyálò kò burú; òun ni ó bá "máratọ́ọ̀nù" àti "gláíkójìn" mu, níbi tí iye pàtó tàbí èròjà pàtó ti jẹ́ ohun tí a ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n níbi tí orúkọ ti jẹ́ ìmọ̀ràn, ohun tí asáré ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú àká, nínú ẹmu, àti nínú òwe ni ó yára jù láti dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ kù. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ìwé gíga àti ti girama lo òṣùwọ̀n inú (3) pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí wọ́n ka ìlùkìkì ọkàn bí wọ́n ti ń lò ó, kí wọ́n sì fi wò ó bóyá ìpele rẹ̀ tò bí ó ti yẹ ní ẹ̀ka-èdè gbogbo. Ìperí fún ooru àti bí ara ṣe ń mọ́ra sí i náà ń fẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, nítorí pé asáré Èkó kò lè sá fún oòrùn. Ìlànà àmì àti ìlànà okùnfà lè ṣe atọ́nà fún ẹni tí yóò bá a lọ.